Má Fi Wíńlàsì So Ọkọ̀ Sùn

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, mo tẹríba. Ẹ̀yin atukọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí ẹ dúró sẹ́yìn lọ́hùn-ún nítorí pé àga ò kárí, ẹ súnmọ́ bí, torí ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gba irin yìí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tó kàn yín. Ó wúwo, ẹ má jẹ́ kó já lù yín lẹ́sẹ̀. Ṣáàfù wíńlàsì ni. Tí ẹ bá gbé e sójú, tí ẹ di ojú kan bí káfíńtà tó ń wo pákó, ẹ ó rí i pé ó ti tẹ̀. Kò tẹ̀ ju ìbú èékánná ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà nínú ẹ̀rọ, títẹ̀ kékeré yẹn tó láti mú kí jíà máa jẹ ara wọn, kí epo máa jò síta, kí omi iyọ̀ sì máa wọlé. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé irin yìí kò tẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń fi í fa ẹrù. Alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, tí ó kàn dúró jẹ́ẹ́, ni ó tẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: wíńlàsì ni ẹ̀rọ tó wà níwájú ọkọ̀, lórí dẹ́ẹ̀kì, tí ń sọ ìdákọ̀ró sísàlẹ̀, tí ń fà á sókè. Kẹ̀kẹ́ irin kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kòtò kòtò sí létí, tí ojú ṣéènì kọ̀ọ̀kan ń jókòó sínú kòtò tirẹ̀. Jípísì là ń pe kẹ̀kẹ́ yẹn. Lára àwọn mìíràn, ṣáàfù dúró lóòró bí òpó. Lára àwọn mìíràn, ó sùn gbalaja. Mọ́tò iná ló ń yí àwọn kékeré, epo hàídírọ́líìkì ló ń yí púpọ̀ nínú àwọn ńlá. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, lára ọkọ̀ mítà 12 ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ẹ̀rọ ná, ká lọ wo apẹja. Ẹni tó bá ti dé Mákòkó, tàbí Èbúté Ìlàjẹ ní Bàrígà, tàbí Igbókòdá, yóò ti rí ìdákọ̀ró apẹja: irin tí wọ́n fi ń da kọnkéré ni alágbẹ̀dẹ tẹ̀ ní ìka mẹ́rin bí èékánná àṣá. Apẹja a sọ ọ́ sómi, okùn a máa gba àárín ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ọwọ́ náà ni yóò sọ fún un pé irin ti kan ilẹ̀. Yóò tú okùn sí i, yóò fà á wò bóyá ó ti mú. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Yóò so okùn mọ́ igi ìdábùú ọkọ̀, yóò fi aṣọ borí, yóò sùn. Kò sí apẹja kan, bó ti wù kó gọ̀ tó, tí yóò fi ọwọ́ di okùn mú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọwọ́ wà fún jíjù àti fífà. Ara ọkọ̀ ló wà fún síso.

Wíńlàsì ni ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ onírin ni, ọwọ́ oníná ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ni. Àwa tí ọkọ̀ wa ní bátìrì la wá gbàgbé ohun tí baba apẹja mọ̀ láti kékeré. A tẹ bọ́tìnnì, ṣéènì ké kẹrẹrẹ wọ inú omi, a tẹ bọ́tìnnì pa, a lọ jẹun. A fi ọwọ́ di ọkọ̀ mú, a sì ní kó máa dì í mú lọ títí di òwúrọ̀.

Ẹ gbọ́ bí irin yẹn ṣe tẹ̀. Oṣù Ẹrẹ̀nà ti parí, a ti wọ Igbe, àsìkò tí ìjì òjijì máa ń jà kí òjò tó dúró dáadáa. Ọ̀gá mi nígbà náà kó àlejò lọ sí Tarkwa Bay lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ mọ ibẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀sà, níbi tí odi òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ní 1908 ti ń dá ìgbì Òkun Àtìláńtíìkì dúró díẹ̀. Omi tí a wà kò ju mítà 4 lọ. A tú ṣéènì tó bíi mítà 20 sílẹ̀, ìdákọ̀ró mú, gbogbo nǹkan dùn. Àwọn àlejò lúwẹ̀ẹ́, wọ́n yan ẹja, ilẹ̀ ṣú, ọ̀gá ní ká sùn síbẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìlà-oòrùn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì tiwa kì í kan ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ yẹ́ẹ́ sí mi lójú, kí n tó dìde, ó ti dé. Ọkọ̀ yí imú padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó fà sẹ́yìn, ṣéènì le gan-an bí okùn aṣọ tí wọ́n sá nǹkan sí jù. Ìgbì gbé imú ọkọ̀ sókè: gbàgà! Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e: gbàgà! Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé dẹ́ẹ̀kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńlàsì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ lọ́wọ́. Dẹ́ẹ̀kì ń wú sókè díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ń padà, bí àyà ẹni tó ń mí gúlegúle. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti là lára fáíbà tí wọ́n fi ṣe dẹ́ẹ̀kì, láti ẹsẹ̀ bóòtù kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ni klọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń di jípísì mú mọ́ ṣáàfù, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbé wa, ṣéènì á ké kẹ́ẹ́, yóò jáde ní ìwọ̀n apá kan.

Atukọ̀ wa ta ẹ́ńjìnnì jí, ó rọra sún ọkọ̀ síwájú kí ṣéènì lè dẹ̀. Ó ké sí mi pé kí n so okùn mọ́ ṣéènì. Okùn wo? Èyí tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ jẹ́tì ni ọwọ́ mi kàn nínú òkùnkùn. Mo so ó, ó yọ̀. Mo tún un so, ó tún yọ̀, nítorí ìso tí mo mọ̀ nígbà náà kò ju èyí tí wọ́n fi ń di àpò gààrí lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló mú. Mo yí ìdí okùn mọ́ klíìtì, irin oníwo méjì tí wọ́n kàn mọ́ dẹ́ẹ̀kì fún síso okùn, a tú ṣéènì díẹ̀ sí i kí ẹrù bọ́ sórí okùn, ariwo yẹn sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀ àdúgbò. Ìjì náà kò tíì lọ o. Ọkọ̀ ṣì ń fò sókè sódò. Ṣùgbọ́n kò dún gbàgà mọ́. Okùn ń gùn, ó ń súnkì, ó ń gùn, ó ń súnkì.

Ilẹ̀ mọ́, wíńlàsì kò yí. Ọwọ́ la fi fa ìdákọ̀ró wọlé, àwa mẹ́rin. Iye tí ọ̀gá san fún àtúnṣe ẹ̀rọ àti dẹ́ẹ̀kì, ẹ jẹ́ ká fi bò ó láṣìírí. Okùn tí ìbá ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ ibùsùn, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á.

Kí ló dé tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀? Ohun méjì ni. Èkíní: afẹ́fẹ́ kì í fi agbára ṣe díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò fi ti ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ kìlómítà 30 ní wákàtí kan tí a fi ń jẹ ẹja yíyan, tó bá di 60, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Tó bá di 90, ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé “ó ti ń dì í mú láti àárọ̀.” Ohun tó dì mú láàárọ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ohun tó ń bọ̀ lóru.

Èkejì ni ìjálù, ọ̀rọ̀ gbàgà yẹn. Ṣéènì irin kì í nà. Ohun tó ń mú kó dà bí ẹni pé ó ń nà ni ìwúwo rẹ̀. Ṣéènì mìlímítà 8 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan àti ààbọ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ti mìlímítà 10 ju kílò méjì lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, ṣéènì yóò tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀ sísàlẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò sùn sórí ilẹ̀. Ọkọ̀ yóò ní láti kọ́kọ́ gbé ìwúwo yẹn kí ó tó kan ìdákọ̀ró, gbígbé yẹn ló ń gba ìgbì mọ́ra. Ṣùgbọ́n tí ìjì bá le, gbogbo ṣéènì á gbéra kúrò nílẹ̀, á nà tààrà bí ọ̀pá. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ìrọ̀rùn kankan níbì kankan. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ń sá sẹ́yìn, ó dé òpin irin tí kì í nà, ó dúró lójijì. Ẹni tó bá ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, tí ewúrẹ́ náà sì ta sáré kó tó rántí pé okùn wà lọ́rùn òun, mọ ohun tí mò ń sọ. Níbo ni ìdúró òjijì yẹn ń lọ? Sára eyín jípísì, sára ṣáàfù, sára jíà, sára bóòtù mẹ́rin. Àwọn tó ṣe wíńlàsì kò ṣe é fún ìyẹn. Wọ́n ṣe é kó fa ìdákọ̀ró àti ṣéènì tó rọ̀ tààrà sísàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì sinmi.

Oògùn rẹ̀ ni okùn kan tí gbogbo ọmọ inú ọkọ̀ ń pè ní sínọ́bà. Bó bá ṣe èmi ni mo ni ìsọmọlórúkọ, amúmọ́ra ni ǹ bá pè é. Okùn náílọ́nù ni. Kì í ṣe náílọ́nù tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì o. Ẹnì kan ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe àwàdà. Okùn náílọ́nù alápá mẹ́ta, tàbí èyí tí wọ́n dì bí irun, tí ó máa ń nà tí ó sì ń padà. Mítà 10 rẹ̀ lè di mítà 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, kí ó sì padà sí mítà 10. Okùn funfun dídán tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà fún dídi ẹrù lórí lọ́rì kì í ṣe irú rẹ̀. Òmíràn a máa léfòó lórí omi, kì í sì í nà tó bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí okùn bá ṣe nípọn tó ni ó ṣe dára tó. Rárá. Okùn tó nípọn jù kì í nà, ṣéènì mìíràn lo kàn so mọ́ ṣéènì. Fún ọkọ̀ mítà 10 sí 12, mìlímítà 12 tàbí 14 tó. Àṣìṣe kejì ni kí ó kúrú. Mo ti rí sínọ́bà tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta lọ, tí wọ́n gé láti ara ìdí okùn àtijọ́ kan. Kí ni ìyẹn fẹ́ nà? Kó tó mítà 8 ó kéré tán. Tí ojú ọjọ́ bá burú, ẹ tún tú u sí i. Gígùn ló ń fún un ní sùúrù.

Bí a ṣe ń so ó: ẹ sọ ìdákọ̀ró, ẹ tú ṣéènì tó yẹ, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fà sẹ́yìn kí ìdákọ̀ró mú. Ìgbà náà ni kí ẹ mú orí okùn sínọ́bà, kí ẹ so ó mọ́ ṣéènì níta imú ọkọ̀. Ìkọ́ irin wà tí wọ́n ń tà fún un, tó máa ń kọ́ ojú ṣéènì kan; ó rọrùn, ṣùgbọ́n ìkọ́ tí kò ní ìdè lẹ́nu a máa bọ́ tí ṣéènì bá dẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìso. Ẹ yí okùn ká ṣéènì lẹ́ẹ̀mẹta ní ìhà ọkọ̀, níbi tí ìfà yóò ti máa wá, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan gun orí okùn tó ń bọ̀ láti ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọdá sí ìhà ìdákọ̀ró, kí ẹ fi ìso kan ṣoṣo tì í. Bí ẹ bá ṣe ń fà á tó ni yóò ṣe máa fún ṣéènì mọ́ra tó. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, ìka méjì ti tó. Ìso yẹn gan-an ni ọwọ́ mi kò mọ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá so ìdí okùn mọ́ klíìtì. Tí klíìtì méjì bá wà níwájú, ọ̀tún àti òsì, ẹ lo okùn méjì, kí ọkọ̀ má baà máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tún tú ṣéènì díẹ̀ sí i, títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn láàárín ìso àti imú ọkọ̀. Ṣéènì tó rọ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé wíńlàsì ti sinmi. Tí ẹ bá wo iwájú ọkọ̀ tí ṣéènì níbẹ̀ ṣì le, iṣẹ́ kò tíì parí.

Klíìtì náà ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mo ti rí klíìtì tó ń dán yanran lókè, tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ lábẹ́ kò ní ju wáṣà tó tó kọ́bọ̀ lọ. Irú èyí yóò já pẹ̀lú fáíbà lára. Ó yẹ kí pátákó irin tàbí pákó líle wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò pín ẹrù káàkiri. Ọ̀kan náà ni ti wíńlàsì.

Ohun tó sì máa ń pa sínọ́bà kì í ṣe ìfà, híha ara ni. Níbi tí okùn bá ti gun etí ọkọ̀, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ wá páìpù rọ́bà, tàbí páìpù àtijọ́ tí àwọn panápaná ti pa tì, ẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi wọ okùn ní ibi tó ti ń ha ara. Ẹni tó bá jí tọ̀ lóru, kó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó kó tó padà sùn.

Okùn lè já ṣá. Tó bá já, ṣéènì yóò le, yóò sì padà sórí wíńlàsì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ẹ̀kejì tì í: irin ìdádúró ṣéènì, tí wọ́n kàn mọ́ dẹ́ẹ̀kì láàárín wíńlàsì àti imú ọkọ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ń já bọ́ sórí ojú ṣéènì kan. Bí kò bá sí, okùn kúkúrú kan láti ṣéènì sí klíìtì mìíràn yóò ṣe é.

Ẹ má sì rò pé ọkọ̀ kéékèèké nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ẹ ń rí tí wọ́n dúró níta ẹnu ọ̀sà Èkó, tí iná wọn dà bí ìlú lóru, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àjọ IACS, tó pa àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ọkọ̀ ńlá pọ̀, ti kọ ọ́ sínú òfin wọn: irin ìdádúró ṣéènì gbọ́dọ̀ lè gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó lè já ṣéènì náà. Tí irin yẹn bá wà, ìdá 45 péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ bíréèkì wíńlàsì. Mọ́tò tó ń yí wíńlàsì kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò dídì mú yẹn. Tirẹ̀ ni kó fa ṣéènì sókè, ó kéré tán mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan. Òfin kan náà sọ pé wọn kò ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ọkọ̀ lè fi wọ́n dúró de ìjì ní gbangba òkun. Ìgbà díẹ̀, ní ibi tó ní ààbò, ni wọ́n wà fún. Mọ́tò hàídírọ́líìkì ti bẹ́ rí lórí ọkọ̀ ńlá nígbà tí wọ́n fi ń fa ìdákọ̀ró lòdì sí ìgbì, àfọ́kù irin sì fò lu ẹni tó dúró tì í.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìgbà tí a bá fẹ́ lọ. Tí a bá fẹ́ fa ìdákọ̀ró wọlé, wíńlàsì kọ́ ni yóò fa ọkọ̀ lọ bá ìdákọ̀ró. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣe, mo ti rí i láti orí jẹ́tì. Ẹ́ńjìnnì ni kó gbé ọkọ̀ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wíńlàsì kàn máa kó ṣéènì tó ti dẹ̀. Ẹni tó wà níwájú yóò máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ṣéènì kọjú sí fún atukọ̀. Tí ṣéènì bá ti dúró lóòró tí ìdákọ̀ró kò sì tú, torí pé ẹrọ̀fọ̀ ọ̀sà tiwa yìí lè di nǹkan mú bí ẹbà tó ti tutù, ẹ yọ ọwọ́ lórí bọ́tìnnì. Ẹ fi irin ìdádúró tì í, tàbí kí ẹ yí i mọ́ klíìtì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fi ara ọkọ̀ tú u. Lẹ́yìn náà ni kí wíńlàsì gbé e.

Ẹ ṣírò iná rẹ̀ pẹ̀lú mi. Wíńlàsì 1,000 wáàtì lórí bátìrì fọ́ltì 12: ẹ pín 1,000 sí ọ̀nà 12, ó lé ní 83. Áḿpíà 83 nìyẹn nígbà tí ara bá dẹ̀ ẹ́. Tó bá ń jìjàkadì, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé 1,000 wáàtì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Tí bíréékà iná bá já, ó ń sọ̀rọ̀ ni. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó fi wáyà bàbà so bíréékà pọ̀ kí ó má baà máa já mọ́. Kò já mọ́ lóòótọ́. Wáyà inú ọkọ̀ ló jó dípò rẹ̀.

Ìdí ṣéènì, ìyẹn òpin rẹ̀ tó wà nínú ihò ìkóṣéènìsí: mélòó nínú yín ló mọ ohun tí tiyín so mọ́? Ẹ gbé ọwọ́ sókè. Mo rí mẹ́ta. Àwọn kan kò so ó mọ́ nǹkan kan, lọ́jọ́ tí klọ́ọ̀ṣì bá sì tú, gbogbo ṣéènì yóò sáré wọ omi bí ẹni tí wọ́n ń lé, a ó kàn máa wò ó. Àwọn mìíràn fi bóòtù de é pa mọ́ inú ọkọ̀, ìyẹn náà kò dára. Okùn ni kí ẹ fi so ó, okùn tó lágbára, tó gùn débi pé yóò yọ jáde sórí dẹ́ẹ̀kì tí ṣéènì bá tán, kí ọ̀bẹ lè kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rántí ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Ìdákọ̀ró mẹ́rin ni wọ́n sọ láti ìdí ọkọ̀ lóru, èèyàn 276 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n rí etíkun, wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sókè. Wọ́n gé e, wọ́n fi í sílẹ̀ sínú òkun. Ká ní bóòtù ni wọ́n fi dè é ńkọ́?

Ewéko orí omi tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth náà kàn wá. Láti 1984 tí wọ́n ti rí i pé ó ti gba ọ̀nà odò Bàdágìrì wọlé, kò tíì fi wá sílẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní gbéborùn, torí kò síbi tí kì í dé. Tí omi òjò bá ti kún ọ̀sà, yóò máa wọ́ bọ̀ ní odidi pápá, yóò kọ́ sára okùn ìdákọ̀ró yín, èkejì yóò kọ́ sára èyí. Láàárín wákàtí méjì ó ti di erékùṣù kékeré, ìṣàn omi ń ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, ẹrù tí ẹ kò ṣírò ti wọ orí sínọ́bà. Àdá gígùn kan ni kí ẹ ní níwájú ọkọ̀. Ẹ gé e kó tó pọ̀.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀: bọ́tìnnì yẹn kò mọ ìka yàtọ̀ sí ṣéènì. Tí ṣéènì bá há, ẹ pa bíréékà kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Kíké sí ẹni tó wà nídìí bọ́tìnnì pé “dúró ná” kò tó. Bàtà ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ síwájú kí n tó dìde, ó ní ọkọ̀ òun kò ní ṣéènì gígùn, mítà 5 péré, ìyókù jẹ́ okùn náílọ́nù. Ṣé òun náà nílò sínọ́bà? Ìbéèrè gidi ni. Okùn yín ti ń nà fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò sínọ́bà lọ títí. Ṣùgbọ́n ẹ yọ okùn náà kúrò lórí wíńlàsì, kí ẹ yí i mọ́ klíìtì tààrà, torí jípísì ń jẹ okùn ju bó ṣe ń jẹ ṣéènì lọ. Kí ẹ sì tú púpọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní ṣéènì nìkan, ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi. Ẹni tó ní okùn, ìlọ́po méje. Ẹ má gbàgbé láti ka gíga imú ọkọ̀ àti kíkún omi mọ́ jíjìn yẹn. Omi mítà 4, imú ọkọ̀ mítà 1, kíkún omi bíi mítà 1: mẹ́fà nìyẹn, kì í ṣe mẹ́rin. Ọgbọ̀n mítà ni fún oníṣéènì, 42 ni tiyín. Mítà 20 là ń lò lóru ọjọ́ tí mo sọ fún yín yẹn.

Ta ni irin yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ gbé e padà wá síwájú. Mo ti so ṣéènì kan mọ́ òpó jẹ́tì níta, okùn mẹ́fà sì wà nínú báàgì mi. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn yẹn kọ́kọ́ jáde, ẹni méjì méjì sí okùn kan. Ẹ ó so ìso yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú lílà, lẹ́yìn náà ẹ ó di ojú, ẹ ó tún un so.